Ìwọ̀n Apá Òsì

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọkọ mi ò rán aṣọ fún mi. Télọ̀ ni Sùlèímọ́nù, gbogbo Ìbàfò ló ń rán aṣọ fún, èmi ìyàwó rẹ̀ ń wọ òkìríkà. Nígbà tí Iléyá ọdún 2008 ku ọ̀sẹ̀ méjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí mi.

"Ìyá Sàlísù, dìde kí n wọ̀n ọ́. Apá kékeré ni mo fẹ́ rán, ooru ibí yìí ti pọ̀ jù."

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún bo apá òsì mi.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni nọ́ọ̀sì kan ní Mọ́wé ti fi ọ̀pá tín-ín-rín méjì, bí igi ìṣáná, sábẹ́ awọ apá òsì mi, kí n má baà lóyún mọ́ fún ọdún márùn-ún. Mo purọ́ nílé pé sítóòfù ló jó mi níbi tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Ọmọ mẹ́rin la ní nínú yàrá kan. Nígbà tí mo bí Ládi, àbíkẹ́yìn wọn, ẹ̀jẹ̀ dà lára mi títí mi ò fi mọ ẹni tó ń pè mí mọ́. Síbẹ̀, ìyá ọkọ mi kì í pe fóònù láti Ìkìrun kí wọ́n má bèèrè ọmọ karùn-ún. Màmá yẹn! Bí o bá kúnlẹ̀ kí wọn, apá rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbá mú, wọn á máa tẹ̀ ẹ́ wò bóyá o ti rù.

Rosemary tí a jọ ń gbélé tẹ́lẹ̀ lo oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kéèyàn lóyún. Ọkọ rẹ̀ rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó ẹrù rẹ̀ síta lọ́jọ́ náà gan-an. Ibo ni èmi fẹ́ kó ọmọ mẹ́rin gbà?

"Ẹ fi bùbá mi àtijọ́ wọ̀n ọ́n," ni mo wí.

"Èyí tí mo rán kí o tó bí Ládi? Wá jàre."

Ó wọn àyà, ó wọn ìdí. Ó fi téèpù yí apá òsì mi ká. Ìka rẹ̀ dúró. Ó tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀. Mo ti ń rí ẹrù mi níta lọ́kàn mi: àpótí, ìkòkò, ẹní.

Ó tú téèpù náà. Ó wọ̀n láti èjìká mi dé ọrùn ọwọ́.

"Bàbá Sàlísù, ẹ ní apá kékeré lẹ fẹ́ rán."

"Apá gígùn ni. Màmá ń bọ̀ wá bá wa ṣọdún, o sì mọ̀ wọ́n." Kò wò mí lójú, ó ń wá ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. "Èmi ni mo fọ ẹní lọ́jọ́ tí o bí Ládi, Nùsírátù. Mo rí ẹ̀jẹ̀ yẹn."

Mo bú sẹ́kún. Ó fa ìlà sára aṣọ, ó ní òun á fi aṣọ inú tó nípọn tẹ́ apá òsì.