Ìyá Ìmọ́lẹ̀ Méjì

"Ilé Ìyá Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń lọ," ni Fọlákẹ́mi wí fún ọlọ́kadà, ó sì dà bí ẹni pé ewúro ló gbé mì. Orúkọ tí wọ́n ń pe òun náà ní Tẹ̀dé nìyẹn. Àwọn ẹbí Dọ̀tun ọkọ rẹ̀ ní ọmọ ọkọ ẹni, ọmọ ẹni ni, ni wọ́n bá fi orúkọ ọmọbìnrin tí Dọ̀tun ti bí sílẹ̀ ní Komu kọ́ ọ lọ́rùn. Láti ọdún méje tó ti wọlé ọkọ ló ti ń jẹ́ orúkọ náà, tó ń rẹ́rìn-ín sí i, tí inú rẹ̀ sì ń hó.

"Ìyá Ìmọ́lẹ̀ tó ń yan gàrí?" ni ọlọ́kadà bi í.

"N ò mọ ohun tó ń yan. Ẹ ṣáà gbé mi débẹ̀."

Owú ni o, kí á má wulẹ̀ pè é ní nǹkan mìíràn. Fọlákẹ́mi ò fojú kan obìnrin náà rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò fi jowú rẹ̀. Ó ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù Dọ̀tun. Ohunkóhun tí Ìmọ́lẹ̀ bá nílò níléèwé tó ń gbé, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́, kí ọkọ òun má baà rí ìdí kankan láti pe ẹnikẹ́ni ní Komu.

Oyún mẹ́rin ló ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni wọ́n máa ń wí fún un, títí ó fi ń ṣe é bíi kó gbá ẹni tó bá tún sọ ọ́ létí. Ìyá Dọ̀tun kì í sọ tirẹ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò ta kókó: ọmọ òun ti bímọ, ara ìyàwó ni kí wọ́n lọ wò.

Wọ́n sì wò ó. Lánàá, dókítà obìnrin kan ní Ṣakí sọ fún un pé àwọn ti yẹ ilé ọmọ rẹ̀ wò, àwọn ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àwọn ò rí ohun tó ń ba oyún jẹ́ níbẹ̀. "Ó ku kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin àti ọ̀gá wò papọ̀," ni dókítà wí. "Nǹkan lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tí ò ní ṣe òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan, kó sì máa ba oyún jẹ́. Ó lè bí ọmọ kan kó yè, kí òmíràn bọ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ẹ sì gbọ́ o, Màdáámù, kì í ṣe ohun tí ẹ ṣe ló fà á."

Fọlákẹ́mi sunkún nínú mọ́tò láti Ṣakí dé Tẹ̀dé. Kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún un rí. Ṣùgbọ́n bó ṣe délé tó ròyìn, Dọ̀tun fò dìde. "Èmi tí mo ti bímọ! Kí ni wọ́n fẹ́ wá nínú ẹ̀jẹ̀ mi?" Ó jáde, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láìsí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, àyẹ̀wò náà ò ṣeé ṣe, Fọlákẹ́mi ò sì ní agbára láti tún lóyún kó máa dúró de ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ bóyá oyún Dọ̀tun ti bàjẹ́ rí lára obìnrin mìíràn. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di Komu.

Àtọ́kẹ́ lorúkọ obìnrin náà gan-an. Ó jókòó ti agbada, èéfín ń rú sí i lójú, ó ń fi igbá da gàrí síwá sẹ́yìn. Fọlákẹ́mi ti gbàdúrà lọ́nà pé kó burẹ́wà. Àdúrà ò gbà. Obìnrin náà dúdú, ó ń dán, èjí wà lẹ́nu rẹ̀. Fọlákẹ́mi wo ọwọ́ tó ń da gàrí, ó rántí pé ọwọ́ yẹn ti gbá ọkọ òun mọ́ra rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Oò, ẹ káàbọ̀. Gàrí lẹ fẹ́ rà?"

"Èmi nìyàwó Dọ̀tun, ní Tẹ̀dé."

Igbá dúró. "Yéè! Ṣé kò sí o? Ṣé kì í ṣe Ìmọ́lẹ̀?"

"Rárá o, àlàáfíà ni. Ìbéèrè kan ni mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ó sún mọ́ agbada. "Kí ẹ tó bí Ìmọ́lẹ̀, ṣé oyún bàjẹ́ lára yín rí?"

Àtọ́kẹ́ fa igi kúrò lábẹ́ agbada kí gàrí má baà jóná, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

"Méjì ni," ó wí níkẹyìn. "Nígbà èkíní, a ò tíì ṣe ìdána, ìyá mi ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì, Dọ̀tun wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ní ibà ló ṣe mí. Ìmọ́lẹ̀ ló wá dúró. Ọkọ tí mo wà nílé rẹ̀ báyìí, mo ti bímọ mẹ́ta fún un, ọ̀kankan ò bọ́. Mo máa ń rò ó lọ́kàn mi."

Ohun tí Fọlákẹ́mi wá gbọ́ gan-an nìyẹn. Ó yẹ kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n, ẹ ò rí ayé bí, owú ló kọ́kọ́ dé. Ó ti gbà pé obìnrin yìí ló kọ́kọ́ ní ọkọ òun, ó ti gbà pé obìnrin náà ló kọ́kọ́ bímọ fún un. Àwọn tó bọ́ wọ̀nyẹn nìkan ló rò pé wọ́n jẹ́ ti òun àti Dọ̀tun, tí ẹnikẹ́ni ò bá àwọn pín. Àṣé níbẹ̀ náà, ẹnì kan ti ṣáájú òun débẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ni Àtọ́kẹ́ bi í.

"Mẹ́rin."

"Háà. Mẹ́rin." Ó sún síwájú lórí pákó tó jókòó lé, ó fi àyè sílẹ̀ fún un.

Fọlákẹ́mi jókòó. Ó sọ ti dókítà, ó sọ ti Ìbàdàn, ó sọ ti ọkọ tó fàáké kọ́rí. "Tí mo bá délé tí mo ròyìn ohun tí ẹ sọ yìí, á ní irọ́ ni mo pa."

"Ẹ pè é. Èmi ni màá sọ fún un."

Ọdún méje ni Fọlákẹ́mi fi dí gbogbo ọ̀nà tí ohùn obìnrin yìí lè gbà dé etí ọkọ rẹ̀. Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó pe nọ́ńbà, ó gbé e fún un.

"Dọ̀tun, èmi ni. Èmi Àtọ́kẹ́. Má pa fóònù o, ìyàwó rẹ ló jókòó tì mí yìí." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti orí èkíní dé èkejì, kò sunkún, kò dá a lẹ́bi. Nígbà tó dákẹ́, ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú fóònù náà, ẹkún ọkùnrin.

Dọ̀tun kò sunkún lójú Fọlákẹ́mi rí. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí oyún bàjẹ́, ṣe ló máa ń gbé àdá lọ sóko. Etí obìnrin mìíràn ló wá ń sun ún sí yìí! Ọwọ́ Fọlákẹ́mi ti gbéra láti já fóònù náà gbà.

"Ṣé o máa lọ?" ni Àtọ́kẹ́ ń bi í. Ó tẹ́tí, ó yíjú sí Fọlákẹ́mi. "Ó ní ọjọ́ wo ni Ìbàdàn."

Obìnrin náà ló bi, kò bi ìyàwó rẹ̀. Ó ta Fọlákẹ́mi lára, ó jẹ́ kó ta á.

"Ẹ sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀ ni."

Àtọ́kẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó sì na fóònù náà sí i. Ẹkún ṣì ń jáde níbẹ̀. Fọlákẹ́mi ká ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan, ó mi orí.

"Ẹ má tíì gbé e fún mi," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó sun ún tán ná."