Èènì Ìsàlẹ̀ Abọ́

"Gba ìpara ẹ, Ìyá Jésùlayọ̀mi, kó o fi dín dòdò jẹ!" Wòsílátù gbé ike náà ka orí tábìlì. "Ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Àpá irorẹ́ yìí ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo fi nǹkan para. Wọlai, òróró lo tà fún mi."

Kòfowórọlá, tí í ṣe Ìyá Jésùlayọ̀mi, rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń po ìpara alásíìdì tó ń bó òkú èèpo ara ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Lotto, ariwo oníbàárà kì í sì í ṣe nǹkan tuntun sí i.

"Ṣé ojú lo fi ń pa àbí àtẹ́lẹsẹ̀?"

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbóòórùn ẹ̀ ná."

Ó ṣí ike náà. Òórùn àdíàgbọn nìkan ló gbọ́. Òórùn kíkan tó máa ń ta síni nímú kò sí níbẹ̀. Ó fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn ọwọ́, kò ta á rárá. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ wàyí. Bí ásíìdì kò bá sí nínú èyí, ibo ló wà?

Ó rántí ọjọ́ tó po ìpara náà. Ìda tó ń so omi pọ̀ mọ́ òróró kò tíì yọ́ tán tí iná fi lọ, tí blẹ́ńdà sì dákẹ́. Ó fi orógùn rò ó, ó funfun, ó sì ń dán lókè, ó bá ní ó ti bọ́ sí i. Àṣé òróró ló léfòó. Omi tí gbogbo ásíìdì wà nínú rẹ̀ ti rọra sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ abọ́. Òkè ló ti bu ti ike márààrún. Èyí tó kù nísàlẹ̀, tó ṣàn bí ògì, ó gbọ́n ọ́n sínú ìgò kékeré kan, ó fi ṣe èènì fún Mọ́láyọ̀, nítorí ta ni yóò tajà fún ìyàwó ojú ọ̀nà tí kò ní fi èènì sí i?

"Wòsílátù, dákun, bá mi jókòó ti ṣọ́ọ̀bù."

"Kí ló dé? Mi ò bá ẹ jà o!"

Ó pe fóònù Mọ́láyọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Ló bá gun ọ̀kadà, ó di márosẹ̀, ó di Ìbàfò. Ẹ̀rù bà á, ká má parọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, ẹnu àwọn obìnrin ibẹ̀ ló sì ń bá a wá oníbàárà.

Ìyá Mọ́láyọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kòfowórọlá kò tíì kúnlẹ̀ tán tí ìyá náà fi dì mọ́ ọn.

"Ọlọ́run ló rán ẹ! Èyí tó wà nínú ike ò ṣe nǹkan kan, àmọ́ látìgbà tá a ti bọ́ sórí èènì tó o fún un, háà! Ó ń bó bí ọ̀dùnkún tí wọ́n sè. Sátidé tó ń bọ̀ nìgbéyàwó, wàá tún bá wa wá kan sí i."

Mọ́láyọ̀ jáde láti yàrá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n, awọ ibẹ̀ kákò, etí ẹnu rẹ̀ sì ń ṣomi.

"Ẹ káàbọ̀, mà." Kò lè la ẹnu tán.

Wọn kò mọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Kòfowórọlá lọ́kàn nìyẹn, ẹ má dá a lẹ́jọ́. Ó lè ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, kó gba ìgò rẹ̀, kó sì gba ìyìn lé e. Ojú ara rẹ̀ tì í. Ó kúnlẹ̀ padà, síwájú ọmọ tí ì bá bí.

"Mọ́mì, kì í ṣe pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń jó o ni. Èmi ni mi ò pò ó kó papọ̀. Ásíìdì tó yẹ kó wà nínú ike márùn-ún ló wà nínú ìgò yẹn. Ẹ forí jì mí."

Mọ́láyọ̀ bú sẹ́kún. "Mo sọ fún yín, Mọ́mì! Mo ní ó ń jó mi!"

Ìyá náà kò pariwo. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ó sọ ọ́," ó ní. "Mo ní kó fara dà á. Èmi ni mò ń di orí ẹ̀ mú tí mo fi ń pa á."

Kòfowórọlá dìde, ó lọ bu omi tútù sínú abọ́.

"Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ kúrò, ká lọ sí ọsibítù. Èmi fúnra mi ni màá sọ ohun tí mo fi sí i fún dókítà."

Ìyá Mọ́láyọ̀ na ọwọ́ láti di orí ọmọ rẹ̀ mú. Mọ́láyọ̀ sún sẹ́yìn. Ó gba abọ́ omi náà, ó sì lọ dá fọ ojú rẹ̀ lẹ́yìn ilé.