Sitabiláísà Tí Ọ̀gá Ní Kí N Yọ Dànù

"Sitabiláísà? Bíi ti fíríìjì ilé mi?"

Bí ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, ṣe dá mi lóhùn nìyẹn nígbà tí mo ní sitabiláísà wa ni kí a tún ṣe, gbogbo ọ́fíìsì sì rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná wa níbí l'Óǹdó ló ń fi iná ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́. Lọ́sàn-án, tí ẹrù bá ti wúwo lórí wáyà, tí àwọn èèyàn ń lo iná púpọ̀, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í fì láàrin ìlú méjèèjì, gílóòbù á mọ́lẹ̀ yòò, á tún ṣú. Sitabiláísà tí mò ń sọ, ara ẹ̀rọ tó ń mú iná wá ló wà. Òun ló yẹ kó pa fífì náà.

Àmọ́ ṣe ló ń dá kún un. Àwọn tó ṣáájú mi ti fi agbára kún un títí, iná sì túbọ̀ ń fì. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́ dànù, kí ìlú máa gba ìdajì iná kí ó má baà fì mọ́, kí èmi Ṣìkẹ́mi sì lọ jókòó ti tábìlì ní ọ́fíìsì wa tó wà ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́.

"N ò ní yọ ọ́, sà. Kì í ṣe agbára ni kò ní, pípẹ́ ló ń pẹ́. Ẹni tó fẹ́ dá jangírọ́fà dúró, tí ọwọ́ rẹ̀ bá pẹ́ dé, ṣe ló ń tì í."

"Tí o bá kùnà ńkọ́?"

"Alágbàká ò jìnnà."

Mo bá sitabiláísà náà wọ ṣòkòtò kan náà nìyẹn. Mò ń mú kí ó yá díẹ̀díẹ̀, mò ń dán an wò, mò ń tún un ṣe. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí ẹrù wúwo, abẹ́rẹ́ míta fì, ó rọra fì, ó dúró.

"Oríire lásán," ni ọ̀gá wí.

Mo yẹ̀ fún un. "Súìṣì sitabiláísà rèé. Ẹ pa á fúnra yín."

Ó pa á. Abẹ́rẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ó ń fì gan-an. Fóònù ọ̀gá dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, láti ilé wọn ní Ijapo, ní Àkúrẹ́, ohùn rẹ̀ sì le débi pé gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Bàbá Goodness, sitabiláísà fíríìjì tún ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ o. Kí lẹ tún ń ṣe níbẹ̀?"

Ọ̀gá sáré tan súìṣì padà. Abẹ́rẹ́ dúró.

"Ṣé ó ti dákẹ́?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Ó ti dákẹ́."

Mo fa àga mi, mo jókòó.

"Ti fíríìjì nìyẹn, sà," mo ní. "Èyí ni tèmi. N ò sì lọ sí Alágbàká."