Àǹtí Mi Kò Rẹ́rìn-ín Nínú Pósí

Aago márùn-ún ìdájí òní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni àlá yìí bẹ̀rẹ̀.

Mo rí Àǹtí mi nínú pósí. Òṣèré ni wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú fíìmù. Bí òṣèré bá ṣe òkú tán, ó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, kí ikú lè mọ̀ pé eré ni. Nínú àlá náà, olùdarí fíìmù ní, "Ó tó!" Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Mo kígbe, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín!" Lójijì, ilé ìdáná wa ni pósí náà wà, omi ń jò lábẹ́ rẹ̀. Àǹtí lanu, ohùn olùdarí ló jáde: "Dákẹ́, a ṣì ń yà á."

Bí mo ṣe jí ni mo pe Àǹtí lórí fóònù.

"Agùnbánirọ̀ wa, kí ló lé ọ dìde? Bá mi yọ̀ o! Èmi ni olórí òṣèré nínú fíìmù tuntun báyìí. Lọ́la la ó ya ibi tí wọ́n ti ń sin mí."

Mo kàn ní, "Ẹ kú oríire, mà."

Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè kọ ipa tí wọ́n ti ń retí látọjọ́ yìí. Bí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe kí wọ́n tó kúrò nílé lọ́la?