Orin Ayọ̀ Nínú Oṣù Ààwẹ̀

"Ṣé òkú lẹ ń gbé lọ sin ni? Mo ní kí ẹ yọ̀."

Akọ̀wé fi àtẹ́lẹwọ́ gbá dùùrù. Kò sẹ́ni tó yọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ti fi èjìká ru irin ojú reluwé láti òwúrọ̀. Méjì nínú wọn ń tòògbé lórí ìdúró. Èmi tí mò ń lé orin, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Sáàmù ọgọ́rùn-ún ni. Akọ̀wé reluwé yìí, àbúrò ọkọ mi, ló fi oṣù márùn-ún gbáko ṣe ohùn sí i. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, n kì í pe orúkọ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ṣí ilé ìjọsìn wa ní Ìlọrin lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni yóò sì lé orin náà. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, n kò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó, ohùn rẹ dà?"

"Ó ń gbààwẹ̀, Akọ̀wé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun kò rín.

"Ìwọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún? Ààwẹ̀ kí ni?"

"Ààwẹ̀ Ràmàdáánì tí ìyá yín ń gbà. Àwa méjì péré ló kù nílé Ọjà Tuntun. Ṣé kí n máa gbé iṣu mì níwájú arúgbó tí kò tíì fẹnu kan omi ni? Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé yẹn náà lẹ wá fi orin kíkọ́ sí ìgbà tó ku díẹ̀ ká ṣínu."

Ó bu omi sí ife, ó nà án sí mi. "Mu ún. Ìyá kò sí níbí."

Omi àmù ni, ó tutù. Ọlọ́run mọ bó ṣe wù mí tó.

"N kò mu."

"Mu ún, àbí kí Kùdírátù lé orin lọ́jọ́ Ìsinmi."

Kùdírátù, tó ń gbè mí lẹ́yìn, wolẹ̀. Ó mọ orin náà. Èmi ni mo kọ́ ọ. Agbára àríyànjiyàn ti tán lára mi.

"Kó máa lé e," ni mo wí. Mo kúrò ní iwájú.

"Ó dáa. Lọ jókòó ti ìyá mi. Kí ló mọ̀ nípa orin mi?"

"Ó mọ̀ ọ́n tán. Mo máa ń kọ ọ́ sí i létí tí mo bá ń fọ ẹsẹ̀ fún un. Ó ní ó dùn." Mo gbé ìborùn mi. "Ó ní ẹ ń pe gbogbo ayé kí wọ́n fi ìdùnnú wọ ẹnu ọ̀nà Ọlọ́run. Ó ní kí n bi yín: ẹnu ọ̀nà tòun ńkọ́, tí ẹ kò tẹ̀ láti ọdún mẹ́rin tí ẹ ti ṣe ìrìbọmi?"