Awòran Kọ Ètò Tirẹ̀

Awòran ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbà á sí, ṣùgbọ́n fídíò àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà ló ń wò ní tirẹ̀. Á wò ó bó bá ń jẹun, á wò ó bó bá ń fọ eyín, á sì máa mi orí bí ọlọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà." Àfojúbà pọ̀ lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì bá ojú dé ibẹ̀.

Ọ̀gá wọn, obìnrin tí kì í pariwo, pè é lọ́jọ́ Ajé. "Lọ́jọ́ Ẹtì, wàá jókòó síwájú gbogbo wa, wàá kọ ètò kékeré kan. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí fídíò. Bí o ò bá lè kọ ọ́, ó dàbọ̀ nìyẹn."

Awòran sáré délé, ó ṣí fídíò tuntun.

Ìyá rẹ̀, tó wá kí i, tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Èwo lo fọwọ́ ara rẹ ṣe níbẹ̀?"

"Mọ́mì, mo ṣì ń kọ́ ọ ni."

"Mo gbọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Tìẹ dà, kí n rí nǹkan fi yangàn?"

Ojú tì í. Ó pa fídíò, ó ní òun á kọ ètò tí yóò kí ìyá òun. Kí ló tún rọrùn tó ìyẹn? Ó kọ ọ́ tán, ó tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ gàdàgbà: *Ẹ kúulé, Mọ́mì.*

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Kú iṣẹ́ o," ni ìyá dáhùn.

*Ẹ kúulé, Mọ́mì.*

"O káàbọ̀."

*Ẹ kúulé, Mọ́mì. Ẹ kúulé, Mọ́mì.* Ìkíni ń ya wálẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Ìyá tí kì í gba ìkíni láìdáhùn ń jẹ́ ẹ títí ohùn rẹ̀ fi há. "Ṣé kò tíì wọlé ni? Dá a dúró, ẹnu ń ro mí!"

"Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é!"

"Àbí ìwọ kọ́ lo kọ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sórí fídíò, ó fà á padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn sókè ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ iṣẹ́ tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó dé ìlà kan, ó tún un kà. Kò sọ fún kọ̀ǹpútà ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́! Ó tún un ṣe, kọ̀ǹpútà kíni lẹ́ẹ̀kan, ó panu mọ́. Inú Awòran dùn dé ibi tó fi fò sókè. Títí di Ọjọ́bọ̀, kò ṣí fídíò mọ́. Ètò kékeré ló ń kọ, tó ń bà á jẹ́, tó ń tún un ṣe.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ní kó kọ ètò tí yóò máa pe àwọn tó wá rí dókítà wọlé bí wọ́n ṣe tẹ̀léra dé. Awòran kọ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ pè. Ẹ̀rín sọ nínú yàrá.

"Kí ló fà á?" ni ọ̀gá bi í.

Awòran wo ohun tó kọ. "Mi ò tíì mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ n kà á."

Ọ̀gá wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n dákẹ́. "Láti ọjọ́ tí o ti débí, 'ó ti yé mi' lò ń sọ fún mi," ó ní. "Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o ò mọ̀. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Máa kà á, a ò kánjú. Bó o bá tún un ṣe tán, wá gba iṣẹ́ ọjọ́ Ajé lọ́wọ́ mi."

Omi lé ròrò sójú Awòran, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lórí ìlà tó ń kà.