Iná Tó Dúró Lókè Ilé Ìkẹ́rùsí

Bàálù ni wọ́n. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí ná, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ̀rọ̀ mi di àlọ́.

Pápákọ̀ òfuurufú wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí ńlá tó wà ní ìparí òpópónà wa. Nígbà tí wọ́n ń tún ọ̀kan nínú àwọn ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí ṣe, wọ́n ní kí gbogbo bàálù máa gba ìhà kejì wọlé, kí wọ́n máa kọjú sí àdúgbò wa bọ̀. Wọ́n lẹ ìkéde rẹ̀ mọ́ ògiri ibùdókọ̀, ó wà níbẹ̀ títí òjò fi bà á jẹ́. Ohun tó bá sì ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ èèyàn láti ọ̀nà jíjìn kì í jọ ohun tó ń rìn. Ní ìrọ̀lẹ́, iná iwájú bàálù kan á so rọ̀ lókè ilé ìkẹ́rùsí náà bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ sánmà. Òmíràn á yọ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn á tún yọ. Atẹ́gùn ń gbé ìró wọn lọ, etí ò ní gbọ́ nǹkan kan. Tó bá yá, ti àkọ́kọ́ á rọra rì sẹ́yìn òrùlé, ó di àwátì.

Ṣé ohun tó yẹ kó da àgbàlagbà láàmú nìyẹn?

Aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, mo sì mọ̀ pé ohun tó gbé wá wúwo.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Kí lo ṣe?"

"Mo ní èmi kọ́!"

Fídíò ni. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní igun òpópónà, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹlẹ́rìí, ló wà nínú rẹ̀, tó ń nawọ́ sí àwọn iná náà. Ó ní ọkọ̀ àwọn ará ayé mìíràn ni wọ́n. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà lórí aláìsàn, ó ní ọkùnrin kan ní òpópónà yìí mọ̀ nípa wọn. Inú ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí bàálù ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ la ẹnu sọ̀rọ̀, wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́. Ó dárúkọ ọkọ mi, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù jó aṣọ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Wọ́n ní ọ̀la ni wọ́n máa ṣe òmíràn," ni Aránṣọ wí. "Wọ́n ní Màmá máa sọ̀rọ̀."

"Màmá wo?"

Ó wo ilẹ̀. "Màmá yín. Ìyá ọkọ yín."

Ọkọ mi ti wà nínú ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ojú ọ̀nà bàálù yẹn. Kò rí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn iná náà rí. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ tí kò sí ohun tó ṣe ọjọ́. Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ohùn jẹ́jẹ́ mú àwọn èèyàn balẹ̀ láyọ̀, òun ni wọ́n wá sọ di òkú tí wọ́n fi ń ṣeré. Inú bí mi gidigidi.

Mo lọ bá Ẹlẹ́rìí ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń tú ẹ̀yìn fóònù kan lọ́wọ́. Bó ṣe rí mi, ó dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí wa. Ẹ kú àmúmọ́ra."

"Yọ orúkọ ọkọ mi kúrò nínú ìranù ẹ."

"Ìranù kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ akọni?"

"Ó kú kí iná yẹn tó bẹ̀rẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tó ń ṣàánú èèyàn. "Ojú tiwa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là, Àǹtí wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n ti rí i ṣáájú wa. Ohun tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ pa wọ́n nìyẹn."

"Àrùn ọkàn ló pa á."

"Bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn."

Kí lèèyàn fẹ́ wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Gbogbo òkúta tí mo sọ lù ú ló ń ṣà, tó fi ń kọ́lé.

Nígbà tí mo délé, Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tó ti ń sùn láti ìgbà ìsìnkú, ó tẹ́ ìborùn méjì síwájú, ó ń yan èyí tó máa lò lọ́la.

"Màmá, ẹ ò ní lọ."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Bàálù ni nǹkan yẹn."

"Mo mọ̀ pé bàálù ni." Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé ojú mi ló fọ́ ni? Ibi tí pápákọ̀ wà, kí ló tún fẹ́ wà lókè ẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ ni?"

Ẹnu yà mí. "Ẹ mọ̀, ẹ sì fẹ́ lọ sọ fáyé pé wọ́n pa ọmọ yín?"

"Ọmọkùnrin yẹn wá jókòó síbi tí o dúró sí yẹn. Ó bi mí irú ọmọ tó jẹ́. Ó bi mí bó ṣe rí ní kékeré. Odidi ọ̀sán ló fi gbọ́ tẹnu mi. Nínú ilé yìí, ìyàwó mi, ta ló ń dárúkọ ẹ̀? Tí mo bá ti ya ẹnu báyìí, wàá ní ọbẹ̀ ti ń jóná."

"Ìyẹn ò ní ká purọ́ mọ́ òkú, Màmá."

"Irọ́ wo? Ta ló sọ bó ṣe kú fún mi? Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀, pé ara ẹ̀ ò yá. Mo dé, ó ti wà nínú pósí. Mo béèrè, ẹ ní kí n má da ara mi láàmú, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹni tí wọ́n pa, ó níbi tó kú sí, ó lẹ́ni tó rí i. Tèmi kàn wà ni, ó sì kàn di pé kò sí."

Mo bá a sọ ọ̀rọ̀ tí ìyàwó kì í bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ. Mo ní òkìkí ló ń wá, kì í ṣe ọmọ. Ó ká ìborùn kan, ó gbé e lé itan. Ó ní, "O káre."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, èrò ti kún igun òpópónà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹlẹ́rìí gbé àga sílẹ̀ fún Màmá, ó gbé fóònù lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń ya fídíò níwájú rẹ̀. Ara àwọn èèyàn yá.

"Tí àwọn ará ayé mìíràn yẹn bá fẹ́ gbé èèyàn lọ, kí wọ́n ti ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ o!"

"Ìyẹn? Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti dá a padà, wọ́n á tún bẹ̀bẹ̀!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lórí ikú ọkọ mi. Iná àkọ́kọ́ yọ, gbogbo wọn sì pariwo. Ìkejì yọ. Ẹlẹ́rìí gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́.

"Màmá wa, ẹ sọ fáyé gbọ́. Ta ló pa ọmọ yín?"

Màmá ya ẹnu. Ó pa á dé, ó tún yà á. Mo rí i tí àwọn èèyàn ń na fóònù tiwọn náà sí i lójú bí ẹni ń na búrẹ́dì sí ẹja, mi ò sì mọ ìgbà tí mo tì wọ́n sọ́tùn-ún sósì tí mo fi dé iwájú.

"Èmi ni ìyàwó rẹ̀," mo wí fún fóònù náà. "Mo wà níbẹ̀. Inú balùwẹ̀ ló kú sí. Ọ̀sán gangan ni, ó ń múra ibiṣẹ́. Ó ń kọrin, kò sì mọ orin kọ. Orin yẹn dá lójijì. Mo rò pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, mo tiẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín láti kíṣìnì. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, ó wà nílẹ̀, omi ṣì ń ṣàn lé e lórí. Ọṣẹ wà létí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò wọlé tọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò tojú ọ̀run wá. Ì bá ṣe pé wọ́n wá ni, ṣebí ǹ bá rẹ́ni bá jà! Mo ti wá ẹni tí màá bá jà kiri, mi ò rí i. Ẹ̀yin ni mo rí."

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn: "Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe..."

"Pa ẹnu ẹ dé!" ni ẹlòmíràn jágbe mọ́ ọn.

Ẹlẹ́rìí họ orí. "Àǹtí wa, ṣé a lè tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀? Iná yẹn ti wọ̀ sẹ́yìn òrùlé."

Mo fi ẹsẹ̀ gbá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà. Fóònù dojú bolẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe fọ́. "Ó yá, tún un ṣe. Ṣebí iṣẹ́ ẹ ni."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó bá a rín in. Màmá dìde lórí àga. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, mo sì rò pé èpè ló fẹ́ gbé mi ṣẹ́ níṣojú gbogbo wọn.

"Etí wo?" ó béèrè.

"Kí lẹ wí?"

"Ọṣẹ yẹn. Etí wo ló wà?"

"Ti òsì, Màmá."

"Etí ló máa ń kọ́kọ́ fọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ." Ó fa ọwọ́ mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, èrò sì là fún wa. "Ṣé o nù ún kúrò?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi nù ún."

Ó mi orí. Inú ṣì ń bí mi, ó ń bí mi sí Ẹlẹ́rìí, sí àwọn tó ń wò wá lọ, sí òun fúnra rẹ̀. Ó ń bí mi dòní. Nígbà tí a dé orí àtẹ̀gùn, ó dúró láti mí.

"Orin wo ló ń kọ?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣe tún un ṣe, kí n ṣì í kọ síbi tí ọmọ òun ti máa ń ṣì í.